Adrian Stokes, Oníṣègùn tí ó Kú ní Èkó Nítorí Ibà Pọ́njú

Ẹni tí ó bá kúrò ní erékùṣù Èkó tí ó sì gba orí Afárá Carter, ilẹ̀ Ìdó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tẹ̀. Láti Ìdó ni ọ̀nà ti lọ sí Èbúté-Mẹ́tta, kí ó tó dé Yábàá. Ní ọdún 1901 ni a ṣí afárá àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ orúkọ yìí, ní ọdún kan náà ni ọkọ̀ ojú irin sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti Ìdó dé Ìbàdàn. Nítorí náà, bí a bá dárúkọ Ìdó, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹrù, èrò, àti ariwo ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìhà ilẹ̀ kan náà, ní Yábàá tí kò jìnnà sí Ìdó, ni a gbé ṣe iṣẹ́ ńlá kan ní ọdún 1927, tí gbogbo ayé ń jẹ èso rẹ̀ títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ nítorí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Adrian Stokes. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, nítorí ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan olúkúlùkù ènìyàn tí a ti gún ní abẹ́rẹ́ rí, àti olúkúlùkù ẹni tí yóò gún ẹlòmíràn ní abẹ́rẹ́.

A bí Adrian Stokes ní ọjọ́ 9 oṣù Fẹ́búárì ọdún 1887 ní ìlú Lausanne ní ilẹ̀ Switzerland, ṣùgbọ́n ọmọ Ireland ni. Ìdílé Stokes jẹ́ ìdílé tí a mọ̀ ní ìlú Dublin nítorí iṣẹ́ ìṣègùn, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ ìdílé alágbẹ̀dẹ tàbí ìdílé onílù láàrin wa, tí ọmọ ń bá iṣẹ́ nílé kí ó tó mọ orúkọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Trinity ní Dublin ni Adrian ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó sì gba oyè rẹ̀ ní ọdún 1910. Lẹ́yìn èyí ó lọ sí New York ní Amẹ́ríkà láti kọ́ sí i nípa àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ń fa àrùn, àwọn tí ojú lásán kò lè rí. Irú ẹ̀kọ́ yìí ni ó fẹ́ràn jù lọ. Kì í ṣe pé kò fẹ́ tọ́jú aláìsàn, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń wá ni gbòǹgbò àrùn, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá gé ẹ̀ka igi tí ó sì fi gbòǹgbò sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ì tí ì parí.

Ní ọdún 1914 ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù, Stokes sì wọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìgbà náà, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jìnnà púpọ̀ sí ojú ogun. Kí a tó gbé ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ojú egbò ọmọ ogun dé ibẹ̀, kí a tó mọ irú àrùn tí ó wà nínú rẹ̀, ẹlòmíràn á ti kú. Stokes kò jókòó kí ó máa ráhùn. Ó kó àwọn ohun èlò àyẹ̀wò rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù, ó sì gbé e lọ sí ibi tí àwọn tí ó gbọgbẹ́ wà. Báyìí ni ó sọ alùpùpù di ilé àyẹ̀wò tí ń rìn. Nígbà tí àwọn ọ̀tá bẹ̀rẹ̀ sí fi èéfín olóró ja ogun, ó wà lára àwọn tí ó wá ọ̀nà láti fún àwọn tí èéfín náà bà jẹ́ ní atẹ́gùn rere mí. Ọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá.

Ogun yìí náà ni ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn rí agbára abẹ́rẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ìbọn bà ni ó ń kú, kì í ṣe nítorí egbò nìkan, bí kò ṣe nítorí àrùn tí ń ti inú erùpẹ̀ wọ ojú egbò, tí ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn pọ̀ tí ó sì ń mú ara le gbagidi. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí fún gbogbo àwọn tí ó gbọgbẹ́ ní abẹ́rẹ́ tí ń dènà rẹ̀, àrùn náà dín kù gidigidi láàrin wọn. Àwọn oníṣègùn tí ó ti ogun náà bọ̀ kò jiyàn mọ́ pé omi díẹ̀ tí a fi abẹ́rẹ́ sí ara ènìyàn lè gba ẹ̀mí là.

Ní ojú ogun ní ilẹ̀ Belgium, Stokes tún rí àrùn mìíràn láàrin àwọn ọmọ ogun. Ojú wọn a pọ́n, ara wọn a gbóná, ẹ̀dọ̀ àti iwe wọn a sì bàjẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Japan méjì, Inada àti Ido, ti fi hàn ní ọdún 1915 pé kòkòrò kan tí ó lọ́ bí okùn ni ó ń fa irú àrùn yìí. A rò pé yóò dùn mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa láti gbọ́ pé orúkọ èkejì dàbí orúkọ Ìdó wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìbátan kankan láàrin wọn. Stokes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí kòkòrò náà nínú ara àwọn ọmọ ogun, wọ́n rí i nínú eku tí ń gbé inú kòtò wọn pẹ̀lú, wọ́n sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1917. Láti ìgbà náà ni Stokes ti di ẹni tí ó mọ kòkòrò yìí dáradára. Ìmọ̀ yìí ni yóò wúlò ní Yábàá ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà.

Nígbà tí ogun parí, a fi Stokes ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ ní Dublin ní ọdún 1919. Ní ọdún 1922 ó lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n láàrin ọdún méjèèjì yìí, ní ọdún 1920, ó ti wá sí Èkó lẹ́ẹ̀kan. Àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà ni ó rán ìgbìmọ̀ kan wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ọ̀gágun Gorgas, ẹni tí ó ti lé ẹ̀fọn kúrò ní Havana àti ní Panama, ni ó yẹ kí ó ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Júláì ọdún náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbìmọ̀ náà kò rí iṣẹ́ púpọ̀ ṣe, nítorí ibà náà kò gbilẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n padà lọ, ọ̀rọ̀ náà sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé irú ibà tí à ń sọ. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà mìíràn, pẹ̀lú orí fífọ́, ẹ̀yìn ríro àti èébì. Àwọn mìíràn a sàn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Lára àwọn mìíràn, ibà náà a lọ fún ìgbà díẹ̀, bí ọ̀tá tí ó fẹ̀yìn rìn, lẹ́yìn náà a tún padà pẹ̀lú agbára. Ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú tàbí kí ó má tilẹ̀ wá mọ́, ẹ̀jẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti imú àti láti ẹnu. Láàrin àwọn tí ó bá dé ipò yìí, bí ìdajì ni ó máa ń kú. Ní ọdún 1900 ni Walter Reed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Kúbà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà náà láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kí ni ohun tí ẹ̀fọn náà ń gbé? Èyí ni kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ̀.

Ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Hideyo Noguchi, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní New York, kéde ní ọdún 1919 pé òun ti rí i. Ó ní kòkòrò tí ó lọ́ bí okùn ni, ìbátan èyí tí Stokes rí nínú eku. Orúkọ Noguchi tóbi ní ayé ìgbà náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. A ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára láti inú kòkòrò tí ó rí yìí, a sì gún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Gúúsù àti Àárín Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí a ronú lórí èyí. Bí ọ̀rọ̀ Noguchi bá jẹ́ òtítọ́, ààbò ni abẹ́rẹ́ náà. Bí kò bá jẹ́ òtítọ́, ńṣe ni a fi ọkàn àwọn ènìyàn balẹ̀ lásán, tí a sì rán wọn lọ sí ẹnu ikú láìní apata. Kò sí bí a ti lè fọ abẹ́rẹ́ mọ́ tó, bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kì í bá ṣe èyí tí a pè é, abẹ́rẹ́ náà kò tọ́.

Ní ọdún 1925 Àjọ Rockefeller tún rán ìgbìmọ̀ wá, Ọ̀mọ̀wé Henry Beeuwkes sì ni olórí wọn. Yábàá ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó, wọ́n sì kọ́ ilé àyẹ̀wò síbẹ̀. Ibikíbi tí ibà náà bá ti ṣẹ́ ní Nàìjíríà tàbí ní Gold Coast tí à ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n á lọ, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n á sì wá kòkòrò Noguchi nínú rẹ̀. Wọn kò rí i rárá. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà gún oríṣiríṣi ẹranko, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ṣàìsàn bí ènìyàn ti ń ṣe. Bí kò bá sì sí ẹranko tí ó lè kó àrùn náà, kò sí ọ̀nà tí a lè gbà dán oògùn kan wò àfi lára ènìyàn. Ọdún méjì kọjá báyìí. Ní ọdún 1927 wọ́n wá ọ̀bọ láti ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí ibà náà kò dé rí, wọ́n sì pe Stokes láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ogójì ọdún. Ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti fìdí múlẹ̀, kò sì sí ohun tí ì bá fi ipá mú un láti padà sí ibi tí ikú wà. Síbẹ̀ ó wá.

Ní oṣù Júnì ọdún náà, ibà ṣẹ́ ní Kpeve, ní ìhà ìlà-oòrùn Gold Coast. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Asibi, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ibà mú un, ṣùgbọ́n kò mú un púpọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Júnì ọdún 1927, Ọ̀mọ̀wé Mahaffy tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ náà fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá Asibi, ó sì fi gún ọ̀bọ Íńdíà kan. Ọ̀bọ náà ṣàìsàn, ó sì kú. A mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gún ọ̀bọ kejì, èyí náà kú. Ní Yábàá, Stokes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Bauer àti Hudson, jókòó ti iṣẹ́ náà tọ̀sán tòru. Asibi ní tirẹ̀ sàn. Kò sí oyè tí a fi jẹ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé gbogbo ayé títí di òní, nítorí irú kòkòrò tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè.

Láàrin oṣù mẹ́ta, Stokes, Bauer àti Hudson fi ohun púpọ̀ hàn. Wọ́n fi hàn pé ẹ̀fọn tí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ tí ń ṣàìsàn lè kó ibà náà ran ọ̀bọ mìíràn. Wọ́n fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kòkòrò tí a ń rí nínú awò kò lè gbà á kọjá sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà, síbẹ̀ omi tí ó kán sílẹ̀ ṣì ń pa ọ̀bọ. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí ń fa ibà náà kéré gidigidi. Wọ́n tún fi hàn pé bí a bá mú omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà náà ti mú rí tí ó sì sàn, tí a fi gún ọ̀bọ, ibà kì yóò lè pa ọ̀bọ náà. Stokes, ẹni tí ó mọ kòkòrò inú eku jù lọ, ni ó bá wọn fi ẹ̀rí hàn pé kì í ṣe òun ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ó rọrùn fún ọ̀mọ̀wé láti fẹ́ kí ohun tí òun mọ̀ dáradára jẹ́ ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè. Stokes kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí òtítọ́ bá kọjú sí ni ó ń tẹ̀ lé.

Ní àárín oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1927, ara Stokes bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. Kò pẹ́ tí òun àti àwọn tí ó yí i ká fi mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá sọ ìrètí nù, kí ó sì kọ ojú sí ògiri. Stokes ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun kí wọ́n fi gún ọ̀bọ, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun, kí ó lè hàn gbangba bóyá ibà tí ó wà lára ọ̀bọ àti èyí tí ń pa ènìyàn jẹ́ ọ̀kan náà. Ó tún pàṣẹ pé bí òun bá kú, kí wọ́n yẹ ara òun wò. Wọ́n ṣe gẹ́gẹ́ bí ó ti wí. Àwọn ọ̀bọ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gún kó ibà náà. Báyìí ni ó fi ara ara rẹ̀ dí àlàfo tí ó kù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1927, Adrian Stokes kú ní Èkó. Ní ọdún 1928 ni ìwé tí òun àti Bauer àti Hudson jọ kọ jáde, orúkọ rẹ̀ sì ni ó ṣáájú.

Báwo ni ibà náà ṣe wọ ara rẹ̀? A gbà pé kì í ṣe ẹ̀fọn. Ojoojúmọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń kan ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara àwọn ọ̀bọ tí ń ṣàìsàn, a sì gbà pé láti ara awọ ọwọ́ ni ó ti wọlé. Bauer àti Hudson kò jẹ́ kí ikú ẹlẹgbẹ́ wọn kọjá lásán. Wọ́n dán an wò lára ọ̀bọ, wọ́n sì fi hàn ní ọdún 1928 pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ní ibà náà, bí a bá fi kan awọ ara, lè kó o ranni bí kò tilẹ̀ sí ojú egbò tí a lè rí. Ṣáájú èyí, gbogbo ènìyàn ń ṣọ́ra fún ẹ̀fọn, wọ́n ń ta nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń da epo sí omi adágún. Kò sí ẹni tí ó fura pé ìkán ẹ̀jẹ̀ kan lórí ìka lè jẹ́ ilẹ̀kùn. Ewu tí à ń wò lókèèrè, ọ̀dọ̀ wa ni ó wà.

Stokes nìkan kọ́ ni ó kú. Noguchi fúnra rẹ̀ wá sí Accra ní òpin ọdún 1927 láti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibà náà mú un, ó sì kú ní ọjọ́ 21 oṣù Mèí ọdún 1928. William Young, tí ó bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí ó sì yẹ òkú rẹ̀ wò, kú kí oṣù náà tó parí. Ní ọdún 1929 Paul Lewis kú ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil lẹ́nu iṣẹ́ kan náà. Ní ọdún yẹn bákan náà ni ibà náà mú Max Theiler ní ilé àyẹ̀wò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó pa á. Theiler yìí ni ó mú kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ Asibi, tí ó ń sìn ín láti inú ohun èlò kan dé òmíràn, nínú ẹran ara ọmọ inú eku àti ti ọmọ inú ẹyin adìẹ, fún ìgbà púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí agbára rẹ̀ láti pani fi tán, tí agbára rẹ̀ láti kọ́ ara ní ìjà sì kù. Ní ọdún 1937 ni òun àti Hugh Smith kéde abẹ́rẹ́ àjẹsára tí à ń pè ní 17D. Ní ọdún 1951 a fi ẹ̀bùn Nobel dá Theiler lọ́lá nítorí rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ yìí kan náà ni à ń gún títí di òní. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ní ọdún 2013 pé ẹ̀ẹ̀kan náà tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ènìyàn. Ìwé pélébé aláwọ̀ ìyeyè tí arìnrìn-àjò ń fi hàn ní ibùdó ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀rí abẹ́rẹ́ yìí ni. Bí a bá wá a dé orísun rẹ̀, a ó bá apá Asibi ní Kpeve, a ó sì bá ọwọ́ Stokes ní Yábàá. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ibà náà. Ní ọdún 2017 ó tún ṣẹ́ ní ìhà Ifẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, láti ibẹ̀ ni a sì ti rí i ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ rere pẹ̀lú lè ṣe búburú bí ọwọ́ tí ó dì í kò bá ṣọ́ra. Ní ọdún 1942, nígbà ogun àgbáyé kejì, a gún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. A ti da omi inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mọ́ oògùn náà kí ó má bàa tètè bàjẹ́, a kò sì mọ̀ pé àrùn ẹ̀dọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára àwọn tí ó fi tọrẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ni ojú wọn pọ́n, kì í ṣe nítorí ibà tí à ń dènà, bí kò ṣe nítorí àrùn tí a fi abẹ́rẹ́ gún wọn láìmọ̀. Láti ìgbà náà ni a ti yọ omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kúrò nínú oògùn náà.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwa tí a ó di olùkọ́, tí àwọn òbí yóò máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì bá wá sí ilé ẹ̀kọ́, mọ àmì abẹ́rẹ́ tí a gún dáradára. Ẹni tí yóò gún abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Yóò ka orúkọ oògùn àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán, kí ó tó fà á. Abẹ́rẹ́ tuntun àti sírínjì tuntun ni yóò lò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ní àtijọ́, sírínjì onígíláàsì ni a ń sè nínú omi gbígbóná tí a sì ń lò léraléra. Ní ọdún 1999, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ UNICEF àti àwọn mìíràn fi ẹnu kò pé sírínjì tí ń ti ara rẹ̀ pa lẹ́yìn ìlò ẹ̀ẹ̀kan ni kí a máa fi gún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Oògùn ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, láti ìwọ̀n 2 dé 8, nítorí ohun alààyè ni ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá sì ti po ó, a kò gbọdọ̀ lò ó mọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ a máa ka dída ìyókù nù sí ìnáwó òfo. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn tí ó ti pẹ́ nínú ìgò lè ti kú, ìdọ̀tí sì lè ti wọ inú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a bá ti gún abẹ́rẹ́ tán, iṣẹ́ kò ì tí ì parí. Ibí yìí ni ìtàn Stokes ti bá wa wí jù lọ. Abẹ́rẹ́ tí ó ti kan ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì dé ìdérí rẹ̀ padà, nítorí ibẹ̀ ni ó ti máa ń gún ọwọ́ ẹni. Inú àpótí líle tí abẹ́rẹ́ kò lè gún jáde ni kí a jù ú sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a má sì gbé àpótí náà sí ibi tí ọmọdé lè dé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yóò kan ẹ̀jẹ̀ ní láti wọ ìbọ̀wọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kí ó sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ní kíákíá, kí ojú má ṣe tì í.

Ní ti ilé àyẹ̀wò Yábàá, ìgbìmọ̀ náà parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1934, ṣùgbọ́n ìwádìí kò kúrò ní ìlú náà. Ilé Ìwádìí Ìṣègùn ti Nàìjíríà tí ó wà ní Yábàá lónìí ka iṣẹ́ ìgbìmọ̀ Rockefeller mọ́ orísun rẹ̀. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni ó ń dúró nídìí awò báyìí, tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́.

Ìgbésí ayé Stokes kúrú, kò sì fi ọrọ̀ sílẹ̀ tí a lè kà. Ìwé Mímọ́ ti kọ́ wa nípa ìfẹ́ ẹni tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Stokes fi tirẹ̀ lélẹ̀ nítorí àwọn tí kò mọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ì tí ì wá sí ayé nígbà tí ó kú. Àwa náà wà lára wọn. Bí nọ́ọ̀sì bá fọ ọwọ́ rẹ̀, tí ó já abẹ́rẹ́ tuntun níṣojú wa, tí ó ka ara ìgò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fà á, kí a má ṣe kùn pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ènìyàn kan ti kú kí ó tó mọ bí a ti ń ṣe é.